Owó Wà Nínú Oòrùn, Ṣùgbọ́n Bátìrì Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti kòkó. Ọ̀rọ̀ sólà ni, ìyẹn páànẹ́lì tí a ń gbé sórí òrùlé tó ń sọ oòrùn di iná mànàmáná, pẹ̀lú bátìrì tó ń bá wa tọ́jú iná náà di alẹ́. Ó ti wọ abúlé wa. Bí ẹ bá gba ọ̀nà oko kọjá lónìí, ẹ ó rí i lórí páànù. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì máa ń bi wá nìyí: "Bí mo bá yá owó ẹgbẹ́ ra nǹkan yìí, ṣé yóò pa owó wọlé tí n ó fi san gbèsè náà?"

Ìdáhùn wa ni pé ó lè pa owó wọlé. Ó sì tún lè sọ ẹni tó rà á di onígbèsè. Ohun tó sábà máa ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe páànẹ́lì. Bátìrì ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Ọba tó sọ fún wọn pé àwọn ń ta iná orí òrùlé àwọn fún ilé iṣẹ́ mànàmáná. Irọ́ kọ́. Láti ọdún 2010 ni ìjọba ibẹ̀ ti ṣètò pé kí wọ́n máa sanwó fún ẹni tó bá gbé páànẹ́lì sórí ilé rẹ̀. Ní ọdún 2019 wọ́n ti ilẹ̀kùn ètò yẹn mọ́ àwọn ẹni tuntun, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020, èyí tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ta iná láti san nǹkan fún iná tí onílé bá dá padà sórí wáyà wọn. Ẹni tó bá tún ní bátìrì níbẹ̀ lè ra iná lóru nígbà tó bá pọ́ọ́kú, kí ó sì tà á nírọ̀lẹ́ nígbà tó bá wọ́n. Ṣùgbọ́n kí iná tó lè padà sórí wáyà, wáyà gbọ́dọ̀ wà, iná sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí òpó iná ti dúró ní abúlé yín láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹyẹ nìkan ń bà lé e, ta ni ẹ fẹ́ tà á fún? Nítorí náà, kì í ṣe iná ni àwa ó máa tà. Iṣẹ́ tí iná bá ṣe ni a ó máa tà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo mítà tí a ń ra káàdì sí mọ ohun tó ń jẹ́ yúnìtì. Gílóòbù tó ń jẹ 100 wáàtì, bí a bá tàn án fún wákàtí mẹ́wàá, yúnìtì kan ló jẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, bí a bá kó gbogbo oòrùn ọjọ́ kan jọ, tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí mẹ́rin oòrùn ọ̀sán gangan lọ. Páànẹ́lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 300 wáàtì, àpapọ̀ rẹ̀ 1,200, yóò mú bí yúnìtì 4.8 wá lójúmọ́. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku, wáyà àti ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ó ku bí yúnìtì 3.6. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, ẹ má gbójú lé ju yúnìtì méjì lọ. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù Kejì ṣe ìṣirò rẹ̀, òjò ni yóò wá ṣàlàyé fún un.

Kí ni yúnìtì kan lè ṣe? Ó lè gba iná sí nǹkan bí ogójì fóònù ńlá tó ti kú pátá. Ẹ̀rọ ìgẹrun tí onígbàjámọ̀ ń lò lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún yúnìtì. Fíríísà kékeré kan máa ń jẹ yúnìtì kan sí ọ̀kan ààbọ̀ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń jẹ tó 1,000 wáàtì. Aṣọ tí ọmọ yín bá fi wákàtí kan lọ ti jẹ owó ogójì fóònù. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ sólà inú ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Owó àkọ́kọ́ tí sólà ń pa wọlé ni èyí tí kò jẹ́ kó jáde. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí lórí bẹntiróòlù. Ní ọdún 2024 ó kọjá 1,000 náírà ní lítà kan. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kékeré ń mu lítà méjì lójúmọ́ ní iye yẹn, 60,000 náírà ló ń dáná sun lóṣù kan. Ẹ kọ iye tí ẹ ń ná lórí epo sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń ta sólà. Ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ lórí epo tẹ́lẹ̀, tí kò sì ní iṣẹ́ kan pàtó tí yóò fi iná ṣe, ìgbádùn ló fẹ́ rà. Kò burú, ṣùgbọ́n kó má fi owó ẹgbẹ́ rà á.

Gbígba iná sí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò gba agbára púpọ̀. Ẹ gé páálí kéékèèké, ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára méjì, kí ọ̀kan wà lára fóònù, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí fóònù kan ṣoṣo bá sọnù, èrè oṣù yẹn lè bá a lọ, ìjà yóò sì ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé fóònù wá láàárọ̀, kí ó gba iná nígbà tí oòrùn bá ń ràn, nítorí iná tó bá ti ara páànẹ́lì bọ́ sínú fóònù tààrà kò jẹ bátìrì níyà. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ yìí yóò máa dínkù bí olúkúlùkù ṣe ń ra sólà kékeré tirẹ̀. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ṣe òpin.

Fíríísà ló ń pa owó jù nínú iṣẹ́ inú ilé, òun náà ló sì ń pa bátìrì jù. N ó sọ tèmi fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé sólà sílé, páànẹ́lì mẹ́rin ni, pẹ̀lú bátìrì olómi méjì. Ìyàwó mi ń ta omi tútù àti ẹja inú fíríísà. Ọjà ń tà. Inú wa dùn débi pé a ń jẹ́ kí fíríísà ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa lálẹ́. Ínfátà a máa ké tín-ín-tín lóru, èmi a ní kí wọ́n fi aṣọ bò ó kí a lè sùn. Bátìrì ló ń bẹ̀ wá, a kò mọ̀. Ọmọ tí mo ní kó máa bu omi sí bátìrì, omi kànga ló ń bù sí i. Èmi ni mi ò sọ fún un pé omi bátìrì yàtọ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ, èmi náà kò bèèrè. Nígbà tó fi di oṣù kẹrìnlá, iná kò kọjá aago mẹ́jọ alẹ́ mọ́. Gbèsè ẹgbẹ́ sì ṣì ku oṣù mẹ́wàá. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi san gbèsè bátìrì tó ti kú. Àwọn oníduró mi méjèèjì kò bá mi jà, ṣùgbọ́n bí a bá pàdé lọ́nà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè kì í ṣe àlàáfíà ilé.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bátìrì olómi dà bí àpò àgbàdo tí a fi pamọ́ fún gbígbìn: ẹ lè bù díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ délẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 200 sí lára, tó jẹ́ fólíìtì 12, yúnìtì 2.4 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá kún. Ìdajì ni tiyín, ìyẹn 1.2. Bí ẹ bá ń dúró níbi ìdajì lójoojúmọ́, tí ẹ sì ń tọ́jú rẹ̀, ó lè tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́, ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ ni. Bátìrì lithium yàtọ̀. Ẹ lè lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀, kò sì ń bèèrè omi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Báwo wá ni a ṣe ń ta omi tútù láìpa bátìrì? Nígbà tí mo ra òmíràn, a yí ọwọ́ padà. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí oòrùn bá ti gbóná ni a ń tan fíríísà. A ó kó omi kún un dẹ́nu, kí ó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó sì dì gbagidi. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, a ó pa á, a ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Fíríísà tó kún tí a kò ṣí lè gbé òtútù rẹ̀ kọjá ọjọ́ kan. Yìnyín tó dì lọ́sàn-án ni bátìrì tí a ń lò lóru, kò sì gbówó lọ́wọ́ wa. Èyí tó sófo ló ń tètè yọ́, nítorí náà bí ọjà bá tà tán, ẹ fi ike omi dí àyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi oko náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹ̀rọ fífa omi kan wà tó ń gba iná tààrà lára páànẹ́lì, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì rárá. Bí oòrùn bá yọ, yóò máa fa omi sínú tánkì. Bí oòrùn bá wọ̀, yóò dákẹ́, omi ti wà lókè. Tánkì yẹn ni bátìrì yín, kò sì ń kú lọ́dún mẹ́ta. Tánkì onílítà 2,000 yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọgọ́rin ìgbà. Ẹ lè ta nínú rẹ̀ fún àdúgbò, ẹ sì lè fi ìyókù bomi rin ata, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ ń wọ́n lọ́jà. Ní tèmi, àgbẹ̀ tó ní kànga tó ń mú omi wá títí di oṣù Kẹta, tó sì fẹ́ ra sólà fún ìgbà àkọ́kọ́, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ronú kan bátìrì. Kí ẹ ṣáà kan àga tánkì dáadáa, nítorí omi lítà 2,000 wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì ogójì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó ẹgbẹ́. Ká sọ pé bátìrì olómi yín jẹ́ 360,000 náírà, tí ẹ sì retí pé yóò lo ọdún mẹ́ta. Oṣù mẹ́rìndínlógójì nìyẹn. 10,000 náírà ni bátìrì náà ń jẹ lóṣù kọ̀ọ̀kan, bí ẹ rí i bí ẹ kò rí i. Owó yìí kì í ṣe èrè. Ẹ má fi ra aṣọ, ẹ má fi san owó ilé ìwé. Ẹ máa kó o pamọ́ láti oṣù àkọ́kọ́, lọ́tọ̀ sí owó tí ẹ fi ń san gbèsè. Ká tún sọ pé lithium jẹ́ 900,000, tó sì lo ọdún mẹ́wàá: 7,500 náírà lóṣù. Ẹ rí i pé èyí tó wọ́n lójú ọjà lè pọ́ọ́kú nílé. Ẹ fi iye ọjà àdúgbò yín rọ́pò tèmi, kí ẹ tún un ṣírò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó sólà, ẹ má kàn wò bóyá owó rẹ̀ tó wà nílẹ̀ tó láti yá a ní ìlọ́po méjì. Ẹ bèèrè irú bátìrì tó fẹ́ rà. Ẹ jẹ́ kí gbèsè tán nígbà tí bátìrì kò tíì lo ju ìdajì ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ fún owó bátìrì tó ń bọ̀, kí ó máa san án pọ̀ mọ́ gbèsè lóṣooṣù. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

Iṣẹ́ kan wà tó kọjá agbára ẹnì kan, tó sì tọ́ sí ẹgbẹ́. Ní Owerri, ní ìpínlẹ̀ Ímò, Nnaemeka Ikegwuonu dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ ColdHubs. Ètò rédíò fún àwọn àgbẹ̀, irú èyí tí ẹ ń gbọ́ yìí, ló ti ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́ yàrá tútù sínú ọjà àti sí àárín àwọn àgbẹ̀, ó gbé páànẹ́lì sórí òrùlé rẹ̀, ó sì fi bátìrì sí i fún òru. Àgbẹ̀ tàbí ìyá ọlọ́jà yóò kó tòmátò tàbí ẹ̀fọ́ sínú kéréètì oníke, yóò sì sanwó lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. 100 náírà ni wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ì bá bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì lè lo ọjọ́ mọ́kànlélógún níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ta iná fún ẹnikẹ́ni. Òtútù ló ń tà. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń ronú irú èyí, ẹ kọ́kọ́ ka iye kéréètì tó ń bàjẹ́ lọ́jà yín, lójoojúmọ́, fún ọdún kan, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Bí kéréètì kò bá pọ̀ tó nígbà tí kì í ṣe àkókò tòmátò, yàrá òfìfo ni ẹ ó máa fi owó ẹgbẹ́ mú tutù.

Nípa rírà. Ẹ má gba ohun tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn páànẹ́lì gbọ́ lásán. Ẹ mú téèpù ìwọ̀n lọ. Páànẹ́lì tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá 200 sí 230 wáàtì. Bí ẹ bá rí èyí tó kéré jùyẹn lọ tí wọ́n kọ 300 sí, ẹ dá a padà fún un. Bátìrì olómi 200 tó jẹ́ ojúlówó máa ń wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Èyí tí ọmọdé lè gbé, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má so ògbólógbòó bátìrì pọ̀ mọ́ tuntun, nítorí ògbólógbòó yóò fa tuntun wálẹ̀. Ẹ má gbé bátìrì olómi sí yàrá tí ènìyàn ń sùn tàbí ibi tí a ti ń dáná, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná lè gbiná. Omi bátìrì ni kí ẹ máa bù sí i. Omi kànga kọ́, omi inú ọ̀rá kọ́, ásíìdì kọ́.

Ẹ kọ ojú páànẹ́lì sí gúúsù, kí ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Bí òjìji ọ̀pẹ tàbí máńgòrò bá bo igun kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ni yóò rẹ̀, nítorí náà ẹ dúró wo òrùlé yín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó kàn án. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀ kùtù kí ó tó gbóná.

Àwọn kan ti ń bèèrè bóyá àwọn lè fa wáyà lọ sí ilé aládùúgbò kí wọ́n máa gba owó oṣù. Ẹ rọra. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti máa ṣètò ọ̀rọ̀ iná tiwọn, nítorí náà ẹ lọ bèèrè ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yín tó ń bójú tó o kí ẹ tó ra wáyà. Bí iná bá sì pa ọmọ aládùúgbò lórí wáyà tí ẹ fà, owó oṣù kan kò lè tán ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú ìwé ìnáwó epo rẹ̀ ti oṣù kan àti ìwọ̀n òrùlé rẹ̀ dání lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀.